Ìwé Lórí Àpò Èlùbọ́: Ohun Tí Mo Kà ní Ọjà Santana

Òjò ọ̀sán Sátidé yẹn kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó ṣe ya lulẹ̀ ni gbogbo Ọjà Santana sá wọ abẹ́ páànù. Aláta gbé abọ́ ata rẹ̀ mọ́ra, ẹlẹ́ja fi ọ̀rá bo ẹja gbígbẹ, àwọn oníbárò da bárò wọn dojú délẹ̀ kí omi má baà kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sá wá sí ẹnu ìsọ̀ tí mo jókòó sí, lórí àpò èlùbọ́, tèmi tìwé. Aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó wá fi pijin béèrè bóyá Bíbélì ni.

Mo ní kì í ṣe Bíbélì. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń wá iṣẹ́ òòjọ́ kiri ìlú Bìní yìí ni. Festus Iyayi ló kọ ọ́, Violence ló pè é, ọdún 1979 ló jáde. Idemudia ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ohun tí òun àti Adisa ìyàwó rẹ̀ yóò jẹ ló ń wá, débi pé ó ta ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó jàjà ríṣẹ́, sìmẹ́ńtì ni wọ́n ní kí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ já sílẹ̀ fún obìnrin olówó kan tó ń jẹ́ Queen.

Bí oníbárò yìí ṣe gbọ́ “sìmẹ́ńtì” ló sún mọ́ mi. “Ọ̀gá, èló ni wọ́n san fún wọn?”

Mo ti ka ìwé yẹn rí ní yunifásítì. Wọ́n bi wá léèrè nípa rẹ̀ nínú ìdánwò, a sì kọ ojú ewé mẹ́rin-márùn-ún lórí ìnilára àti òṣèlú. Kò sẹ́ni tó bi wá pé èló ni wọ́n san. Mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn, mo wá ibi tí wọ́n ti ń ná owó iṣẹ́ náà, mo tú u sí pijin fún un. Ó tẹ́tí títí mo fi dákẹ́, ó wá pòṣé.

“Obìnrin yẹn rẹ́ wọn jẹ,” ló wí. “Ṣùgbọ́n èmi náà ìbá ṣe é. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn nájà pẹ́.”

Òjò dá. Ó yí bárò rẹ̀ padà, ó gbọn omi ara rẹ̀ nù, ó lọ.

Ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́

Ojú ọ̀nà Sapele ni Ọjà Santana wà, ní ìlú Bìní, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ẹ ó gbọ́ èdè Ẹdó níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ Ẹ̀sán, Ùròbò àti Ìgbò, pijin ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Yorùbá náà ò gbẹ́yìn. Ìyá tí mo máa ń jókòó tì lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ta èlùbọ́ fún àwa tí àmàlà ń pa níhìn-ín, àti fún àwọn ará Bìní tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rò ó.

Ìyá kì í ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ Bíbélì Yorùbá tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ tí kò ní bá yín parí. Akọ̀wé ló ń pè mí. Lọ́jọ́ kan ló wò mí títí, ó ní: “Akọ̀wé, ìwé tí o dojú dé yìí, ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún ni?” Ojú tì mí. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé sókè fún òun àti aláta tó múlé tì í, tó jẹ́ ọmọ Bìní pọ́ńbélé. Mo ń túmọ̀ sí Yorùbá fún ìyá, mo ń túmọ̀ sí pijin fún aláta, àwọn oníbàárà sì ń dá sí i bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Èrò tí mo bá gbé láti ilé wá sí ìsọ̀ yìí kì í bá mi padà sílé bó ṣe wà. Nítorí náà, ẹ má bi mí èwo ni tèmi èwo ni tọjà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn ìwé tí mo kà láìpẹ́ yìí.

Violence, àti owó ọsibítù

Ọmọ Ugbegun, nílẹ̀ Ẹ̀sán, ni Iyayi. Wọ́n bí i lọ́dún 1947. Yunifásítì Bìní ló ti ṣe olùkọ́, ní ẹ̀ka ìmọ̀ okòwò, kì í tilẹ̀ ṣe ti lítíréṣọ̀. Ó ṣe ààrẹ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Heroes, ìwé rẹ̀ lórí ogun abẹ́lé wa, gba ẹ̀bùn Commonwealth ní 1988. Oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ni ìjàǹbá ọkọ̀ mú un lọ nítòsí Lọ́kọ́ja, nígbà tó ń lọ sí ìpàdé ASUU ní Kánò. Tí ẹ bá mọ èyí, ẹ ó mọ ìdí tí ìwé rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó mọ bí owó ṣe ń rìn ló kọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Violence ni pé kì í jẹ́ kí ebi di ọ̀rọ̀ ìwé. Ebi inú rẹ̀ ní iye. Ó ní owó oògùn, ó ní owó oúnjẹ alẹ́. Ibi tó ti kùnà lójú mi ni eré orí ìtàgé tí wọ́n ṣe fún àwọn aláìsàn nínú ọsibítù, tí agbẹjọ́rò inú eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ìwà ipá jẹ́. Ó dà bí ẹni pé òǹkọ̀wé fi ìtàn sílẹ̀, ó gun orí àga, ó di gbohùngbohùn mú. Ìtàn náà ti sọ ọ́ tán kó tó gorí àga.

Èrò mi nílé ni pé Adisa ṣe àṣìṣe. Ọkọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn ọsibítù, kò sówó, Obofun ọkọ Queen sì ní owó lọ́wọ́; ẹ lè fojú inú wo bó ṣe lọ. Mo sọ èrò yìí jáde. Aláta dá ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà dúró.

“Ta ni ì bá san owó ọsibítù náà?” ló bi mí. “Ìwọ?”

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, tí mo rò pé yóò gbè mí, ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura pé ẹni tí kò jẹ gbèsè ọsibítù rí ló ń pe ohun tí Adisa ṣe ní àṣìṣe.

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ kan ní yunifásítì ìlú yìí sọ fún mi pé òun ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ní ìwé náà, ṣùgbọ́n fótókọ́pì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà. “Ìlú tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ rèé, síbẹ̀ bí wúrà ni à ń wá ojúlówó ẹ̀dà rẹ̀.” Lọ́jà, ohun tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ni ìwé ìdánwò JAMB, ìwé àdúrà fún ìṣẹ́gun, àti ìwé bí wọ́n ṣe ń dolówó. Ẹ̀yìn ìwé bí wọ́n ṣe ń dolówó ni mo ti rí Violence tèmi, tí eèpo iwájú rẹ̀ ti ya kúrò.

Ilé ọba tó jó

Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Bìní ò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú yìí. Ààfin jó, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà idẹ àti eyín erin lọ, wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1914. Ẹwà ilé ọba tó jó, Lọ́ńdọ̀nù ló bù sí, ó bù sí Berlin pẹ̀lú.

Ìwé méjì ni mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́sẹẹsẹ. Dan Hicks ló kọ The Brutish Museums ní 2020. Barnaby Phillips kọ Loot ní 2021. Hicks ń ṣiṣẹ́ ní Pitt Rivers Museum ní Oxford, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ẹrù Bìní wà. Ìbínú ló fi kọ ìwé tirẹ̀, ìbínú náà sì tọ́. Ó ní irọ́ ni pé torí àwọn òyìnbó tí wọ́n pa lóṣù Kìíní ọdún náà nìkan ni ogun fi wá, pé òwò àti agbára ló wà nídìí rẹ̀, àti pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti fi ẹrù náà hàn ni wọ́n tún ń ja ogun náà.

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ ó sú mi díẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá jà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọ́n jọ mọ̀. Ọmọ Bìní tó bá ń kà á yóò dà bí ẹni tó ń gbọ́ ìjà ẹbí kan láti ẹ̀yìn ògiri: ó mọ̀ pé lórí ogún bàbá òun ni wọ́n ń fà á, kò sì sẹ́ni tó pè é wọlé. Phillips yàtọ̀. Oníròyìn ni, ó mọ̀ pé èèyàn ló ń gbé ìtàn rìn. Ìwé tirẹ̀ ni mo lè tú sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀ láìkólòlò. Ó mú mi rántí dókítà ará Wales tó ti fẹ̀yìn tì, tí bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn ológun 1897, tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé agogo kan àti ẹyẹ idẹ kan wá fún Ọba ní ààfin lọ́dún 2014. Mo sọ ìtàn yẹn fún ìyá. Ó ní, “Ọmọ gidi. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló wá, àbí ó ṣẹ́ kù?”

Ó ṣẹ́ kù, ìyá. Jámánì kó 22 wá sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Netherlands dá 119 padà ní 2025. Èyí tó pọ̀ jù lọ ṣì wà lọ́hùn-ún.

Aláta béèrè ibi tí wọ́n ń kó èyí tó dé sí, ọ̀rọ̀ bá di rannto. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Ọba Ewuare Kejì ló ni wọ́n. Ẹnì kan ní ààfin ló yẹ wọ́n, ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ́ ilé ńlá tí gbogbo ayé yóò ti máa sanwó wò wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń ra ata, tí ìdílé rẹ̀ ń rọ idẹ ní òpópónà Igun, dákẹ́ títí, ó wá sọ èyí: “Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ náà ti kú. Àná ni mo rọ ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó jí i, kò sì sẹ́ni tó rà á.” Irú ohùn yẹn ni kò pọ̀ tó fún mi nínú ìwé Hicks.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ 1897 láti ẹnu ọmọ ilẹ̀ wa, kó wá Ovonramwen Nogbaisi, eré Ọlá Rótìmí. Sapele ni wọ́n bí Rótìmí sí ní 1938, ìlú tí ọ̀nà iwájú ọjà yìí gbà lọ, ìlú Bìní yìí náà ni ilé iṣẹ́ Ethiope sì ti tẹ eré náà ní 1974. Ó dùn ún gbọ́ ju kíkà lọ. Nígbà tí mo dá a kà nílé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Nígbà tí mo kígbe rẹ̀ lórí àpò èlùbọ́, èrò pé lé mi lórí.

Ta ló bí ta?

Ìjà tó dùn jù lọ, Jacob Egharevba ló dá a sílẹ̀, àmọ́ kò mọ̀. Wọ́n bí i sí Ìdànrè ní 1893, ọmọ Bìní láàárín àwa Yorùbá. Ní 1933 ló tẹ ìwé ìtàn rẹ̀, Ekhere Vb’ Itan Edo, ní èdè Ẹdó. Ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, A Short History of Benin, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀. Inú mi dùn pé èdè ìyá rẹ̀ ló fi ṣíde.

Ìwé kékeré ni, kò sí ọ̀rọ̀ àsọdùn níbẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bó ṣe fún ọba kọ̀ọ̀kan ní ọdún, tó fi dé ayé tí kò sí ẹni tó ń ka kàlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná ni ibi tó ti sọ pé lẹ́yìn tí ìjọba àwọn Ogiso, àwọn ọba Bìní ìṣáájú, dópin, àwọn Ẹdó ránṣẹ́ sí Odùduwà ní Ifẹ̀ pé kó fún àwọn ní ọba, pé Ọ̀rànmíyàn wá, ó bí Eweka níhìn-ín, ó sì padà sílé.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí aláta. “Ṣé o gbọ́? Ọmọ wa ni yín.”

“Ìyá, ẹ̀yin lọmọ wa,” ni aláta fèsì. “Ẹ lọ ka ìwé Ọba.”

Kò parọ́. Ní 2004 ni Ọba Erediauwa ti Bìní tẹ ìwé ìrántí ayé rẹ̀, I Remain, Sir, Your Obedient Servant. Ó ní Ekaladerhan, ọmọ Ogiso tó kẹ́yìn, tí wọ́n lé kúrò nílé, òun ló rìn títí dé Ifẹ̀, òun náà ni àwa ń pè ní Odùduwà. Ariwo ta nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ifẹ̀ ò gbà rárá. Mo ti ka ìwé méjèèjì báyìí. Èrò mi ni pé Ọba Erediauwa ni òǹkọ̀wé tó mọ ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀ jù nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, tó mọ bí lẹ́tà ṣe ń lágbára. Bóyá ohun tó sọ rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ̀tọ̀.

Nínú ìsọ̀, wọn ò dúró de èrò mi. Aláta ti da ìjà náà sí ibòmíràn: “Ó dáa, ẹ̀yin lẹ bí wa. Bàbá ló ń fún ọmọ ní ènì. Ẹ bu ènì èlùbọ́ sí i fún mi.” Ìyá wò ó, ó wo kóńgò, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì dá òun lójú tó bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ìtàn kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá ra èlùbọ́ lálaalẹ́ Sátidé, ní kí n má da ara mi láàmú. “Egharevba fúnra rẹ̀ ń tún ìwé náà ṣe nígbàkígbà tó bá tún un tẹ̀. Má ka ẹyọ kan ṣoṣo. Kà á mọ́ Johnson.”

Mo kà á mọ́ Johnson. Ọdún 1897 gan-an, ọdún tí Bìní jó, ni Samuel Johnson parí The History of the Yorubas. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù mọ́ àwọn tó fẹ́ bá a tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba. Johnson kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, ló fi àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù tún un kọ, kó tó jáde ní 1921. Ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo gbogbo ayé. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò rí àbùkù kankan nínú ìyẹn.

Ìwé tí wọ́n ní kí n pa dé

Nínú gbogbo ìwé tí mo kà, On Black Sisters’ Street ni wọ́n hun dáadáa jù. Chika Unigwe ló kọ ọ́. Ó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2009, ó sì gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Nàìjíríà ti NLNG ní 2012. Obìnrin mẹ́rin ni, Sisi, Ama, Efe àti Joyce, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dele fi ránṣẹ́ láti Èkó lọ sí Antwerp ní Belgium, láti lọ fi ara ṣòwò. Unigwe kò bú wọn, kò sì sunkún lé wọn lórí. Ó jẹ́ kí wọ́n bú ara wọn, kí wọ́n jà nítorí oúnjẹ, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun èmi jù.

Mo rò pé yóò dùn ún kà lọ́jà. Èkó ni ìtàn náà ti gbéra, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ní Santana. Mo kà á dé ibi tí wọ́n ti ń ṣírò gbèsè tí ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan yóò san kó tó gba ara rẹ̀. Aláta dákẹ́. Obìnrin kan tó wá ra tòmátì dúró, kò rà á mọ́. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wo ojú wọn, ó ní, “Akọ̀wé, pa ìwé yẹn dé.”

Mo pa á dé.

Nígbà tó ku àwa méjì, ìyá ní kò sí àdúgbò tí irú ọ̀rọ̀ yẹn kò kàn nílùú yìí, pé àwọn kan dé, wọ́n kọ́lé. Àwọn kan ò dé. Ó rán mi létí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2018, nígbà tí Ọba Ewuare Kejì pe àwọn olóòṣà jọ sí ààfin, tó gégùn-ún fún àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ, tó sì tú gbogbo ìbúra tí wọ́n ti mú àwọn ọmọ náà búra. “Ọjọ́ yẹn,” ni ìyá wí, “àwọn kan sùn nílùú yìí tí wọn ò tíì sùn láti ọdún mẹ́wàá.” Unigwe kò kọ ìyẹn, ìwé rẹ̀ ti jáde ṣáájú. Ó wù mí kó kọ ọ́.

Lápàdé, àti oníbárò tó yá ìwé

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé Àjà Ló Lẹrù wá láti fi ṣìpẹ̀. Ọládèjọ Òkédìjí kọ ọ́ ní 1969, Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí sì ń dọdẹ àwọn ọ̀daràn kiri inú rẹ̀. Kí n sòótọ́, oríire ń ran Lápàdé lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn kò jọ ìyá lójú. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi ọwọ́ èlùbọ́ nu omijé, ojú rẹ̀ funfun bí ti egúngún ọmọdé. Wàhálà ibẹ̀ ni ti aláta: bí mo ṣe ń tú u sí pijin ni àwàdà náà ń kú mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní ìwé yìí nìkan ni òun ò rí ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.

Ẹnu ẹ̀rín yẹn la wà nígbà tí oníbárò ọjọ́ òjò yẹn dé. Ó ní kí n yá òun ní ìwé onísìmẹ́ńtì. Mo yá a. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Mo ti gbà pé ìwé ti lọ nìyẹn.

Nígbà tó yọjú, kò mú un dání. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó ń já ẹrù ọkọ̀ ńlá ló ń kà á lọ́wọ́, pé ẹlòmíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní alẹ́ ni àwọn ń kà á, àwọn mẹ́fà, ẹni tó mọ̀wé jù ń ka ìwé, ẹlòmíràn di tọ́ọ̀ṣì mú, wọn kò sì tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ Queen àti owó iṣẹ́ náà. Wọ́n ti jókòó ṣírò rẹ̀, àpò sí àpò, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ti oògùn ara ríro, bí ẹni pé òní ni wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́. Ó sọ iye tó yẹ kí wọ́n san fún Idemudia fún mi.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ gbọ́ ọ láti ibi tó ti ń wọn kóńgò. Ó ní ó kéré.